Bẹ́ẹ ṣe máa ya fọ́tò ní Éfésù àti Pamukkale tí ojú èèyàn á fi hàn dáadáa

Ìṣòro kan náà ni mo ń rí lórí fọ́tò àwọn èèyàn wa tí wọ́n bá lọ ṣe họ́lídè ní Tọ́kì. Òkúta funfun báláú wà lẹ́yìn, ojú ọ̀run funfun bí ìwé, ẹni tó dúró síwájú wá ṣókùnkùn débi pé ẹ ò lè mọ̀ bóyá ó ń rẹ́rìn-ín ni àbí ó ń sunkún. Tàbí kẹ̀, ojú á hàn, àmọ́ gbogbo ilé àtijọ́ tí wọ́n torí ẹ̀ wọ bàálù á ti pòórá sínú ìmọ́lẹ̀. Wọ́n á ní fóònù àwọn ni ò dáa, àwọn máa ra èyí tó wọ́n jù ú lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fowó yín pamọ́. Àsìkò tí wọ́n yà á àti ibi tí wọ́n kọjú sí ni ò dáa. Kámẹ́rà tó bá rí nǹkan funfun tó pọ̀ níwájú á gbà pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á bẹ̀rẹ̀ sí í dín in kù, awọ ara tiwa tó dúdú ló sì máa forí fá a.

Ibi méjì ni mo máa fi ṣàlàyé torí àwọn èèyàn máa ń so wọ́n pọ̀: Éfésù tó wà lẹ́bàá ìlú Selçuk, Éfésù inú Bíbélì yẹn gan-an, àti Pamukkale, òkè òkúta funfun tó ní kòtò omi lára, tó wà lẹ́bàá Denizli. Àárín àwọn méjèèjì tó nǹkan bíi kìlómítà 190, ẹ ṣírò ẹ̀ sí wákàtí mẹ́ta nínú mọ́tò. Ìtàn ibẹ̀ kọ́ ni mo wá sọ, gáìdì yín á ròyìn ìyẹn títí á fi sú yín.

Ohun tẹ́ẹ máa mú dání

Ẹ má kó ẹrù jọ. Fóònù tí àyè wà nínú ẹ̀ tó, tàbí kámẹ́rà bẹ́ẹ bá ní. Ẹ kó àwọn fídíò òde àríyá ọdún tó kọjá kúrò lórí ẹ̀ nílé, kó má lọ jẹ́ pé iwájú ilé ìkàwé àtijọ́ tó wà ní Éfésù ni fóònù ti máa sọ fún yín pé àyè ti tán. Lẹ́yìn ìyẹn:

- Aṣọ kékeré tó mọ́, irú èyí tí wọ́n fi ń nu awò ojú.
- Páwà báǹkì kan. Inú báàgì ọwọ́ ni kẹ́ẹ fi sí tẹ́ẹ bá ń wọ bàálù, wọn kì í gbà á nínú ẹrù tó ń lọ sábẹ́.
- Okùn tẹ́ẹ máa fi so fóònù mọ́ ọrùn tàbí ọrùn ọwọ́, torí inú omi lẹ máa rìn ní Pamukkale.
- Àpò náílọ́nù tó lágbára, bàtà yín ló máa wọ inú ẹ̀.
- Omi mímu àti fìlà. Ibòji ò pọ̀ ní Éfésù, oòrùn oṣù keje àti ìkẹjọ ibẹ̀ kì í ṣe kékeré, fóònù tó bá gbóná jù á mú ojú ẹ̀ ṣú fúnra ẹ̀, á wá ku ohun tẹ́ẹ máa fi wòran.
- Bàtà tí ìsàlẹ̀ ẹ̀ ń di ilẹ̀ mú. Ẹsẹ̀ èèyàn ti rin òkúta Éfésù títí ó fi ń dán, ó sì ń yọ̀.

Ti aṣọ gan-an ṣe pàtàkì ju bẹ́ẹ ṣe rò lọ. Aṣọ funfun máa ń sọnù sára òkúta Pamukkale, ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń bẹ àwọn obìnrin wa pé kí wọ́n fi gáùn funfun gígùn tí gbogbo ayé ń wọ̀ lọ síbẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n mú yẹ́lò, pupa, búlúù tó jinlẹ̀, tàbí áńkárá. Awọ dúdú, aṣọ yẹ́lò, òkúta funfun, omi búlúù, kò sí fílítà tó lè ṣe irú ẹ̀.

Dróònù, ẹ fi sílé. Tọ́kì ní òfin lórí ẹ̀, ẹ ò sì lè fò ó lórí irú àwọn ibi yìí láìgba ìyọ̀ǹda. Ọ̀pá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ń gbé kámẹ́rà lé náà lè dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ láàárín ẹ̀yin àtàwọn ẹ̀ṣọ́, ẹ ò sì nílò ẹ̀ lọ́sàn-án.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ mọ ibi tí ilé kọjú sí

Ibí yìí gan-an ni gbogbo iṣẹ́ wà. Ilé òkúta ò ní yí ojú padà torí yín, ẹ̀yin lẹ máa dé nígbà tí oòrùn bá wà níwájú ẹ̀.

Ilé ìkàwé Celsus, èyí tó wà lórí gbogbo fọ́tò Éfésù, ìlà-oòrùn ló kọjú sí. Àárọ̀ ni oòrùn ń ràn sójú ẹ̀. Ẹni tó bá dé ibẹ̀ ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ẹ̀yìn ilé ni oòrùn wà, iwájú ẹ̀ ti bọ́ sínú òjìji, ọ̀run sì ń tàn yòò lókè, fóònù ò mọ èyí tó fẹ́ mú nínú méjèèjì. Tíátà ńlá tó wà nítòsí ẹ̀ kọjú sí ìwọ̀-oòrùn ní tiẹ̀, nítorí náà ìgbà tí ọ̀sán bá ti pọ́n kọjá ló máa ń dára. Ti Pamukkale, ìrọ̀lẹ́ ni, títí oòrùn á fi wọ̀.

Ohun táwọn èèyàn wa wá máa ń ṣe ni pé wọ́n á jẹun àárọ̀ hòtẹ́ẹ̀lì títí di aago mẹ́wàá, wọ́n á dé Éfésù lọ́sàn-án gangan pẹ̀lú àwọn tó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi ńlá ní èbúté Kuşadası. Oòrùn á wà láàárín orí, ihò ojú á ṣú, abẹ́ imú á ṣú, èrò á sì kún ẹ̀yìn yín bámúbámú. Ẹ wà lẹ́nu géètì kí wọ́n tó ṣí i. Ẹ wo àkókò tí wọ́n ń ṣí lórí íntánẹ́ẹ̀tì lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, torí ti ìgbà ẹ̀rùn àti ti ìgbà òtútù ò dọ́gba.

Géètì méjì ló wà, ti òkè àti ti ìsàlẹ̀. Ti òkè ni ọ̀pọ̀ mọ́tò arìnrìn-àjò ń já èrò sí kí wọ́n lè máa sọ̀ kalẹ̀ wẹ́rẹ́. Ẹ̀yin ẹ gba ti ìsàlẹ̀, ẹ kọjá tíátà láìdúró, ẹ lọ tààrà síwájú ilé ìkàwé, ẹ ó ti wà níbẹ̀ kí àwọn tòkè tó sọ̀ dé. Bí òjìji òkè bá ṣì bo apá kan ilé náà, ẹ má bínú. Ẹ fi àsìkò yẹn ya èèyàn, torí nínú òjìji ojú kì í ṣẹ́jú, ẹ wá dúró kí oòrùn dé ara òkúta kẹ́ẹ tó ya ilé fúnra ẹ̀.

Ọ̀sán gangan ńkọ́? Ẹ lọ sínú àwọn ilé tí wọ́n kọ́ sára òkè ní iwájú díẹ̀ sí ilé ìkàwé, òrùlé wà lórí wọn, àwòrán ara ògiri àti òkúta wẹ́wẹ́ aláràbarà tó wà nílẹ̀ ibẹ̀ rẹwà gan-an. Wọ́n lè béèrè tíkẹ́ẹ̀tì tiẹ̀ lọ́tọ̀, ẹ bi wọ́n lẹ́nu géètì. Ẹ pa fláàṣì yín.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ kọjú sí ilé náà, kẹ́ẹ wo òjìji ara yín nílẹ̀. Bó bá nà síwájú, tàbí tó gba ẹ̀gbẹ́ lọ síwájú, ẹ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bó bá wà lẹ́yìn yín, oòrùn wà lẹ́yìn ilé nìyẹn, ẹ lọ ya nǹkan míì kẹ́ẹ padà wá.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ tún fóònù ṣe kó tó di pé ẹ ya ohunkóhun

Ẹ nu ojú kámẹ́rà. Mo mọ̀ pé ó dà bí ọ̀rọ̀ kékeré, àmọ́ òróró ọwọ́ àti ìpara oòrùn tó wà lára ẹ̀ ló ń jẹ́ kí fọ́tò ibi tí oòrùn pọ̀ sí dà bíi pé kùrukùru wà níbẹ̀. Ẹ máa nù ún ní gbogbo ìgbà tẹ́ẹ bá yọ ọ́ lápò.

Ẹ lọ sínú sẹ́tìǹgì kámẹ́rà, ẹ tan àwọn ìlà tó ń pín ojú fóònù sí mẹ́sàn-án. Ẹ jẹ́ kí HDR, ohun tó ń jẹ́ kí ibi tó mọ́lẹ̀ àti ibi tó ṣú jọ hàn nínú fọ́tò kan, wà ní títàn. Ẹ wá pa ẹ̀rọ tó ń fi ojú dán, gbogbo nǹkan tí wọ́n ń pè ní beauty yẹn, torí ó máa ń bó ojú èèyàn, á sọ awọ wa di eérú, á tún máa nu gbogbo ìlà tó jẹ́ kí ojú jẹ́ ojú.

Ẹ kọ́ bẹ́ẹ ṣe ń ti ìmọ́lẹ̀ pa. Ẹ fi ìka tẹ ojú ẹni tẹ́ẹ ń yà lórí fóònù, kẹ́ẹ má yọwọ́ títí ẹ ó fi rí AE/AF LOCK lórí iPhone, tàbí àgádágodo kékeré lórí ọ̀pọ̀ Android. Àmì oòrùn kékeré máa jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Tẹ́ẹ bá fà á sókè, gbogbo ẹ̀ á mọ́lẹ̀ sí i, tẹ́ẹ bá fà á wálẹ̀, á ṣú. Ẹ fi àwọn ará ilé dánra wò níwájú fèrèsé kẹ́ẹ tó rìnrìn àjò, kò yẹ kó jẹ́ pé Éfésù lẹ ti máa kọ́ ọ.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ ya ẹnì kan tó dúró síwájú fèrèsé lọ́sàn-án. Tẹ́ẹ bá lè rí ojú ẹ̀ dáadáa, tẹ́ẹ sì ṣì lè mọ ohun tó wà níta fèrèsé, ó ti yé yín.

Ìgbésẹ̀ 3: Iwájú ilé ìkàwé

Ojú ilé yẹn ga tó nǹkan bíi mítà 17. Ohun tó wà lọ́kàn gbogbo èèyàn ni pé kí ẹni tí wọ́n ń yà lọ dúró mọ́ ògiri, kí ayàwòrán wá fẹ̀yìn rìn títí, kó gbé fóònù sókè. Èèyàn á kéré bí èèrà, àwọn òpó á sì fẹ̀yìn tì bíi pé wọ́n fẹ́ wó. Ẹ yí i padà.

Ẹ jẹ́ kí ẹni tẹ́ẹ fẹ́ yà kúrò lára ògiri, kó sún mọ́ yín, kó fi àyè púpọ̀ sílẹ̀ láàárín òun àti àtẹ̀gùn ilé náà. Ẹ̀yin ẹ tún rìn sẹ́yìn, kẹ́ẹ tẹ 2x tó ń fa nǹkan sún mọ́ra. Bí ẹ ṣe jìnnà tó, tẹ́ẹ wá fà á mọ́ra, bẹ́ẹ ni ilé á ṣe tóbi lẹ́yìn èèyàn. 0.5x yẹn, tó ń jẹ́ kí fọ́tò fẹ̀, ilé nìkan ni kẹ́ẹ fi ya. Tẹ́ẹ bá fi ya èèyàn tó dúró sétí fọ́tò, apá ẹ̀ á nà, orí ẹ̀ á gùn gbọọrọ.

Ẹ gbé fóònù dúró ṣanṣan, kó má kọjú sókè, kó má dorí kodò. Ẹ fi ìlà orí fóònù bá òpó ilé mu. Bí orí ilé ò bá wọlé tán, ẹ rìn sẹ́yìn sí i dípò kẹ́ẹ gbé ọwọ́ sókè.

Ó ku ọ̀rọ̀ ojú. Bí oòrùn bá wà lẹ́yìn ẹ̀yin ayàwòrán tààrà, ẹni tẹ́ẹ ń yà á máa ṣẹ́jú pàkòpàkò. Ẹ ní kó yí ara díẹ̀ kí oòrùn gba ẹ̀gbẹ́ ojú ẹ̀ wá, kó pa ojú dé, kẹ́ẹ ka ení, èjì, ẹ̀ta, kó là á, kẹ́ẹ sì yà á lójú ẹsẹ̀. Ẹ tẹ ojú ẹ̀, ẹ tì í pa, ẹ wá fa àmì oòrùn yẹn wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí tẹ́ẹ máa fi rí iṣẹ́ ọwọ́ lára òkúta padà. Ẹ dúró níbi tí méjèèjì ti hàn. Tó bá di dandan kẹ́ẹ fi ọ̀kan sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí ọ̀run funfun, kí ojú hàn. Ojú ìyá yín ṣe pàtàkì ju ọ̀run Éfésù lọ.

Tẹ́ẹ bá sì mú ìyá tàbí bàbá yín dání lóòótọ́, ẹ má ní kí wọ́n dúró. Àwọn àgbà wa máa ń le gbandi tí wọ́n bá ti rí kámẹ́rà, ọwọ́ á lẹ̀ mọ́ ìhà, ẹ̀rín á pòórá. Ẹ ní kí wọ́n máa bọ̀ lọ́dọ̀ yín pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lórí ibi tó tẹ́jú, kí wọ́n máa sọ ohun tí wọ́n ń rí fún yín, kẹ́ẹ máa tẹ fóònù lọ.

Kẹ́ẹ tó kúrò, ẹ sún mọ́ ilé náà. Ẹ gun àtẹ̀gùn, kẹ́ẹ gbójú sókè sábẹ́ àjà láàárín àwọn òpó: iṣẹ́ ọnà tí wọ́n gbẹ́ sára òkúta ibẹ̀ pọ̀ ju ohun tí ojú rí látìsàlẹ̀. Ère obìnrin mẹ́rin ló wà nínú ihò ògiri nísàlẹ̀, ẹ̀dà ni wọ́n, ojúlówó wà ní Vienna, àmọ́ ìṣẹ́po aṣọ ara wọn ṣì ń gba ìmọ́lẹ̀ tó ń fi ẹ̀gbẹ́ wọlé dáadáa. Lẹ́tà tí wọ́n gbẹ́ sára òkúta náà, ìgbà tí oòrùn bá ń gbà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ ló ń ṣeé kà lórí fọ́tò, tí oòrùn bá ti kọjú sí i tààrà, á tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹ sì máa rí ológbò, wọ́n pọ̀ níbẹ̀, orí òpó tó wó lulẹ̀ ni wọ́n ń sùn sí. Ẹ bẹ̀rẹ̀ kí fóònù wà ní ìwọ̀n ojú wọn.

Èrò ńkọ́? Wọ́n máa ń wá bí agbo ni, gáìdì kan pẹ̀lú àwọn tiẹ̀, wọ́n á lọ, òmíì á dé. Ẹ ṣe sùúrù, àlàfo máa ń wà láàárín agbo kan sí èkejì. Àwọn tó ń fa ara wọn yọ síwájú, tí wọ́n ń pariwo lé àlejò bíi tiwọn pé kí wọ́n kúrò, ìwà yẹn ò dáa.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ fẹ ojú ẹni náà tóbi lórí fóònù. Ṣé ẹ rí ẹyinjú? Ẹ sún fọ́tò lọ sí ibi tó funfun jù lára òkúta, ṣé iṣẹ́ ọwọ́ ṣì hàn lára ẹ̀? Ṣé òpó tó wà lápá ọ̀tún àti tòsì dúró ṣanṣan? Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ máa lọ.

Ìgbésẹ̀ 4: Tíátà ńlá

Èyí ò gùn. Ibẹ̀ ni Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 19 sọ pé àwọn ará ìlú ti pariwo nítorí Dáyánà fún bíi wákàtí méjì, ó sì gba nǹkan bíi 25,000 èèyàn. Bí ó ṣe tóbi ni fọ́tò yín gbọ́dọ̀ sọ. Ẹ gun òkè dé ibi tí wọ́n bá gbà kẹ́ẹ dé, ẹ jẹ́ kí ẹnì kan nínú yín tó wọ aṣọ aláwọ̀ dúró nísàlẹ̀ láàárín, kẹ́ẹ fi 0.5x yà á látòkè. Níbí, kí èèyàn kéré la fẹ́. Látòkè yẹn náà, ọ̀nà gígùn tó lọ sí èbúté àtijọ́ nà tààrà lọ síwájú, ẹ fi sí àárín fọ́tò yín.

Ibi tí okùn tàbí irin bá dínà, ẹ má fò ó. Òkúta ibẹ̀ ń yọ̀, ẹ̀ṣọ́ á sì súfèé mọ́ yín.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ fi fọ́tò náà han ẹni tí kò débẹ̀. Bó bá kọ́kọ́ béèrè pé "ta ló wà nísàlẹ̀ yẹn?", ẹ ti yà á re.

Ìgbésẹ̀ 5: Pamukkale

Ẹ dé bíi wákàtí mẹ́ta kí oòrùn tó wọ̀. Ẹ kọ́kọ́ lọ wo Hierapolis, ìlú àtijọ́ tó wà lórí òkè ibẹ̀, tíátà ẹ̀ pàápàá, kẹ́ẹ fi òkúta funfun ṣe ìparí. Tí ọ̀sán gangan bá ba yín lórí funfun yẹn, ojú yín fúnra yín ò ní lè là, áḿbọ̀sìbọ́sí kámẹ́rà.

Ẹ mọ̀ kẹ́ẹ tó lọ pé gbogbo kòtò omi yẹn ò ní kún lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣe ni àwọn tó ń tọ́jú ibẹ̀ ń yí omi kiri kí òkúta má baà dọ̀tí, apá kan á ní omi lónìí, apá kejì á gbẹ. Àwọn kan máa ń dé ibẹ̀ tí wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í binú pé wọ́n ti jí àwọn lówó. Ẹ rìn kiri, ẹ wá ibi tí omi ń ṣàn sí, kẹ́ẹ dúró síbẹ̀.

Ẹ bọ́ bàtà níbi tí wọ́n bá ti ní kẹ́ẹ bọ́ ọ, ẹ jù ú sínú náílọ́nù, ẹ gbé e kọ́ ẹ̀yìn. Bàtà lọ́wọ́ ti ba fọ́tò tó pọ̀ jẹ́. Ilẹ̀ ibẹ̀ rí gbágungbàgun níbòmíì, ó ń yọ̀ níbòmíì, ẹ má wo ojú fóònù bẹ́ẹ bá ń rìn.

Tẹ́ẹ bá jáde látinú mọ́tò tí ẹ́síì ń fẹ́ gan-an, ooru ìta lè mú kí ìrì bo ojú kámẹ́rà. Ẹ fún un ní ìṣẹ́jú díẹ̀, kẹ́ẹ tún nù ún.

Ọ̀rọ̀ funfun wá nìyí. Bẹ́ẹ bá ya òkúta nìkan, fóònù á sọ ọ́ di eérú, torí ó ń bẹ̀rù pé ó mọ́lẹ̀ jù. Ẹ fa àmì oòrùn sókè díẹ̀ títí funfun á fi funfun. Bẹ́ẹ bá ń ya èèyàn, ẹ tẹ ojú ẹ̀, ẹ tì í pa, ẹ fà á wálẹ̀ díẹ̀, bíi ti Éfésù. Àmọ́ Pamukkale fún wa ní ohun kan tí Éfésù ò ní: ilẹ̀ funfun yẹn fúnra ẹ̀ ń ta ìmọ́lẹ̀ padà sókè. Ní ìrọ̀lẹ́ tí oòrùn ti lọ sílẹ̀, ẹ ní kẹ́ni náà dúró láàárín funfun kí oòrùn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, kó rẹ àgbọ̀n sílẹ̀ díẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ á ti ìsàlẹ̀ wá kún abẹ́ ojú àti abẹ́ àgbọ̀n, awọ dúdú á máa dán bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nínú oríkì. Ẹ̀bùn ni ìyẹn fún wa, ẹ má fi fláàṣì bà á jẹ́.

Fún omi, ẹ dorí fóònù kodò kí kámẹ́rà sún mọ́ ojú omi, kẹ́ẹ bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Ọ̀run á wọ inú omi, ẹni tó dúró lápá kejì á di méjì. Okùn ọrùn fóònù ló wúlò níbí.

Nígbà tí oòrùn bá wọ̀ tán, ẹ má sáré lọ. Òkúta yẹn á gba àwọ̀ ọ̀run, á di pupa rẹ́súrẹ́sú, á wá di búlúù. Ẹ fi igbọ̀nwọ́ mọ́ ìhà, ẹ mí sóde, kẹ́ẹ tó tẹ̀ ẹ́, torí ìmọ́lẹ̀ ti dín kù, ọwọ́ tó bá mì á hàn.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: àwọ̀ ojú lórí fọ́tò gbọ́dọ̀ bá ojú ẹni tó dúró níwájú yín mu. Ẹ gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀, kẹ́ẹ wo méjèèjì pọ̀. Bó bá rí bí eérú tàbí ó pupa jù, ẹ tún tẹ ojú ẹ̀, kẹ́ẹ yà á lẹ́ẹ̀kejì kí ìmọ́lẹ̀ tó lọ.

Ìgbésẹ̀ 6: Lálẹ́, ní hòtẹ́ẹ̀lì

Ẹ má tọ́jú fọ́tò ogójì tó jọra. Ẹ mú méjì tàbí mẹ́ta níbi kọ̀ọ̀kan, kẹ́ẹ pa ìyókù rẹ́. Lórí èyí tẹ́ẹ bá mú, ẹ fa highlights (ibi tó mọ́lẹ̀ jù) wálẹ̀ díẹ̀, shadows (ibi tó ṣú) sókè díẹ̀, ó tán. Tẹ́ẹ bá fa shadows sókè jù, ojú á dà bíi pé wọ́n kùn ún ní àtíkè.

Ẹ fi Wi-Fi hòtẹ́ẹ̀lì gbé wọn sí orí Google Photos tàbí iCloud lálẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an, fóònù lè bọ́ sómi lọ́la. Ẹ ṣí ọ̀kan lórí fóònù míì tàbí kọ̀ǹpútà wò kẹ́ẹ tó gbà pé ó ti wọlé. Tẹ́ẹ bá fẹ́ fi ránṣẹ́ sílé lórí WhatsApp, bí document ni kẹ́ẹ fi ránṣẹ́, torí tẹ́ẹ bá fi ránṣẹ́ bíi fọ́tò lásán, WhatsApp máa ń fún un pọ̀, gbogbo iṣẹ́ ara òkúta yẹn á sì bá a lọ.